Lílo Príńtà Kan fún Kọ̀ǹpútà Linux àti Windows: Ọ̀nà tí Àmì Yorùbá kò fi ní Sọnù

Ìfáárà

Ohun tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí nínú àpilẹ̀kọ yìí lè dà bí ohun tí ó jìnnà sí iṣẹ́ olùkọ́ Yorùbá. Ẹlòmíràn yóò sọ pé ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà àti príńtà, ọ̀rọ̀ àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni. Ṣùgbọ́n olùkọ́ Yorùbá tí ó bá ti gba ìwé ìdánwò lọ́wọ́ ẹni tí ó bá a tẹ̀ ẹ́, tí ó sì rí i pé gbogbo ẹ àti ọ inú rẹ̀ ti di àpótí kékeré tí kò ní nǹkan nínú, yóò gbà pé ọ̀rọ̀ wa ni. Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò ní irú ìṣòro yìí, nítorí pé lẹ́tà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí ó ń lò ni wọ́n fi ṣe kọ̀ǹpútà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní tiwa, àmì náà gan-an wà lára ohun tí a ń kọ́ni.

Ẹ wo gbólóhùn tí kò le rárá bí èyí: Àgbẹ̀ náà gbé ọkọ́ lé èjìká. Ní agbègbè Òkè-Ògùn tí a wà yìí, kò sí ọmọ tí kò mọ ọkọ́. Bí àmì ohùn bá bọ́, ọkọ́ di ọkọ, àgbẹ̀ wá di ẹni tí ó gbé ọkọ oníyàwó lé èjìká. Bí ó bá jẹ́ àmì ìsàlẹ̀ ni ó bọ́, tí àmì ohùn sì dúró, ọ̀rọ̀ tí yóò kù lórí ìwé kì í ṣe ohun tí olùkọ́ lè kà sókè níwájú kíláàsì. Àwọn ọmọ yóò rẹ́rìn-ín, ìbéèrè náà yóò sì bàjẹ́.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi di kánjúkánjú nísinsìnyí ni pé oríṣi kọ̀ǹpútà méjì ni ó ń bá ara wọn gbé ní yàrá àwọn olùkọ́. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025 ni ilé-iṣẹ́ Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn dúró fún Windows 10, èyí tí ó wà lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹpútà tí a ń lò. Windows 11, tí ó jáde ní oṣù kẹwàá 2021, kò gba gbogbo kọ̀ǹpútà: ó ń béèrè ẹ̀yà ara kékeré kan tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0, ó sì kọ ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ Intel tí ó ṣáájú ìran kẹjọ. Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ni ó pọ̀ jù ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa, ìbáà jẹ́ ní Ṣakí, ní Ìsẹ́yìn, ní Òkèihò tàbí ní Kíṣì. Ẹni tí kò lówó láti ra tuntun, tí kò sì fẹ́ ju ti àtijọ́ nù, yóò fi Linux sí i, bóyá Ubuntu tàbí Linux Mint, tí a kì í san owó fún. Báyìí ni a ṣe bá a dé ibi tí Windows wà lórí tábìlì kan, tí Linux wà lórí tábìlì kejì, tí príńtà sì jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo.

Ohun tí ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé ẹni tí ó fi Linux kọ ìbéèrè rẹ̀ yóò gbé fáìlì sínú fláṣì, yóò sì lọ fi í sí kọ̀ǹpútà Windows tí príńtà wà lára rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni àmì ti ń sọnù. Èrò wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé bí a bá so príńtà kan pọ̀ mọ́ gbogbo kọ̀ǹpútà lórí nẹ́tíwọ̀kì, yàtọ̀ sí pé a bọ́ lọ́wọ́ ìrìn àti lọ́wọ́ fáírọ́ọ̀sì inú fláṣì, àmì wa yóò máa dé orí ìwé bí a ṣe kọ ọ́. A ó kọ́kọ́ ṣàlàyé ìdí rẹ̀, kí a tó sọ bí a ṣe ń ṣe é.

Ibi tí àmì ti ń bọ́

Ẹ̀rọ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bá àmì wa jà. Ìpàdé lórí àkọtọ́ tí ìjọ CMS ṣe ní Èkó ní 1875 fi ẹsẹ̀ ẹ, ọ àti ṣ múlẹ̀, àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 kò sì yọ wọ́n kúrò. Síbẹ̀, tàípùráítà tí ó wà ní ọ́fíìsì ilé-ẹ̀kọ́ nígbà tí àwa wà ní kíláàsì kò ní wọn. Akọ̀wé yóò tẹ ìbéèrè sórí sítẹ́ńsù, olùkọ́ Yorùbá yóò sì wá jókòó tì í, yóò máa fi ohun ẹlẹ́nu ṣóńṣó fa àmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó yí i lórí ẹ̀rọ àdàkọ. Iṣẹ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n ó ní àǹfààní kan: ohun tí olùkọ́ bá rí lórí sítẹ́ńsù ni ọmọ yóò rí lórí ìwé. Kọ̀ǹpútà ti mú iṣẹ́ náà fúyẹ́, ó sì ti gba ìdánilójú yẹn lọ́wọ́ wa.

Kọ̀ǹpútà kò mọ lẹ́tà, nọ́ńbà ni ó mọ̀. Ètò tí gbogbo ayé fi ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà ni à ń pè ní Unicode. Nínú ètò yìí, á, à, é, è àti irú wọn ní nọ́ńbà tiwọn, nítorí pé àwọn èdè Yúróòpù bíi Faransé ń lò wọ́n. Ẹ àti ọ náà ní nọ́ńbà tiwọn, àwọn ará Vietnam ni a ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn fún ìyẹn, nítorí pé lẹ́tà méjèèjì wà nínú àkọtọ́ wọn. Ṣùgbọ́n àmì ìsàlẹ̀ yẹn, àmì ohùn ni ó jẹ́ ní èdè tiwọn. Wọn kò lè tún fi àmì ohùn mìíràn lé lẹ́tà kan náà lórí, gẹ́gẹ́ bí àwa náà kò ti lè fi ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ sórí fáwẹ̀lì kan lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, kò sí nọ́ńbà kankan tí ó jẹ́ ti ẹ́, ẹ̀, ọ́ tàbí ọ̀ nìkan. Nọ́ńbà méjì ni kọ̀ǹpútà ń tò tẹ̀lé ara wọn: ti ẹ, àti ti àmì tí yóò gun orí rẹ̀. Fọ́ǹtì ni ó ń gbé àmì náà ka orí lẹ́tà. Fọ́ǹtì tí kò mọ iṣẹ́ yìí yóò gbé àmì sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà, tàbí kí ó fi àpótí òfìfo dípò rẹ̀.

Àwọn kan wà tí wọ́n máa ń tẹ ọ́ láti òdì kejì: wọ́n á tẹ ó tán, wọ́n á wá fi àmì ìsàlẹ̀ kún un. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni. Ṣùgbọ́n bí fọ́ǹtì kò bá ní àmì ìsàlẹ̀ tí ó dá dúró, ó nìkan ni yóò kù. Ọ̀nà tí ọkọ́ àgbẹ̀ fi ń di ohun ìtìjú nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a fi òfì Ìsẹ́yìn ṣe àpèjúwe ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin gbígbé fáìlì àti rírán iṣẹ́ sí príńtà. Fáìlì dà bí àpẹẹrẹ aṣọ tí a fi lé ahunṣọ mìíràn lọ́wọ́. A sọ fún un pé kí ó fi òwú báyìí hun ún, ṣùgbọ́n a kò fún un ní òwú. Bí kò bá ní irú òwú náà, yóò mú èyí tí ó jọ ọ́ jù nínú àgbọ̀n rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni fáìlì Word tàbí ti LibreOffice rí: nọ́ńbà àwọn lẹ́tà àti orúkọ fọ́ǹtì ni ó wà nínú rẹ̀. Fọ́ǹtì fúnra rẹ̀ kì í sí níbẹ̀, àfi bí a bá dìídì ní kí ó bá a lọ. Kọ̀ǹpútà kejì tí kò ní fọ́ǹtì yẹn yóò wá òmíràn, kò sì ní béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ní kí kọ̀ǹpútà wa tẹ ìwé, kọ̀ǹpútà tí a fi kọ ọ́ ni ó ń to lẹ́tà, tí ó ń gbé àmì ka orí wọn, tí ó sì ń fi fọ́ǹtì tirẹ̀ ṣe gbogbo rẹ̀. Ohun tí ó fi ránṣẹ́ ti di ojú ìwé tí a ti parí. Ó dà bí òfì tí a ti hun tán, tí a dì lọ fún aránṣọ. Aránṣọ kò nílò láti mọ òfì hun, kí ó ṣáà rán an pọ̀. Ìdí nìyí tí ó fi dára kí iṣẹ́ gba orí wáyà tàbí Wi-Fi lọ sí príńtà ju kí fáìlì gba inú fláṣì lọ. Ẹni tí kò bá ní ọ̀nà mìíràn ju fláṣì lọ, kí ó sọ ìwé rẹ̀ di PDF kí ó tó gbé e, nítorí pé PDF máa ń gbé fọ́ǹtì rẹ̀ dání.

Èdè méjì tí kò gbọ́ ara wọn

Kí ni ó wá dé tí a kò fi lè so Linux àti Windows pọ̀ lẹ́sẹ̀ kan náà? Èdè tí wọ́n fi ń bá príńtà ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ yàtọ̀ síra ni. Èdè tí Windows fi ń yá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní fáìlì àti príńtà ni SMB. Linux ní tirẹ̀ ń lo ètò kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ CUPS, èyí tí Michael Sweet bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1997, tí ó jáde ní 1999, tí ilé-iṣẹ́ Apple sì rà ní 2007. Èdè tí CUPS ń sọ ni IPP.

Ẹni tí ó bá ti lọ sí ọjà àwọn ìlú tí ó sún mọ́ ààlà ilẹ̀ Bàrùbá, lápá òkè Ṣakí, yóò mọ iṣẹ́ ẹni tí ó gbọ́ èdè méjì. Irú ògbufọ̀ bẹ́ẹ̀ ni Samba jẹ́. Andrew Tridgell ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Ọsirélíà ní nǹkan bí 1992, nígbà tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì. Orúkọ tí ó kọ́kọ́ fún un ti jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ kan, wọ́n sì kọ̀wé sí i pé kí ó yí i padà. Ó ní kí kọ̀ǹpútà wá inú ìwé atúmọ̀ èdè fún òun, kí ó yọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó ní s, m àti b nínú tẹ̀lé ara wọn. Samba, orúkọ ijó àwọn ará Bràsíìlì, wà lára ohun tí ó jáde. Samba ni ó ń jẹ́ kí Linux gbọ́ SMB, tí ó sì ń jẹ́ kí ó fi SMB dáhùn.

Ọ̀rọ̀ príńtà tilẹ̀ wà nídìí Linux fúnra rẹ̀. Ní nǹkan bí 1980, Richard Stallman, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá ìwádìí kan ní MIT ní Amẹ́ríkà, fẹ́ tún ètò príńtà Xerox wọn ṣe, kí ó lè máa sọ fún àwọn ènìyàn tí ó wà lórí nẹ́tíwọ̀kì bí ìwé bá há sí i. Ẹni tí ó ní ètò náà lọ́wọ́ kọ̀ láti fún un, nítorí pé ó ti ṣèlérí pé òun kò ní fi han ẹnikẹ́ni. Stallman kò gbàgbé rẹ̀. Ní 1983 ó kéde iṣẹ́ GNU, pé òun yóò ṣe ètò kọ̀ǹpútà tí ẹnikẹ́ni lè wò, tí ó lè tún ṣe, tí ó sì lè pín. Ohun tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Finland ní 1991 ni a fi pé e. Ìdí tí a kì í fi í san owó fún un títí di òní nìyí.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé Windows pẹ̀lú ti gbọ́ IPP láti ìgbà Windows 2000. Nítorí náà, bí príńtà bá wà lára Linux, a kò nílò ògbufọ̀ mọ́, èdè kan náà ni àwọn méjèèjì yóò sọ. Ìgbà tí príńtà bá wà lára Windows ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pe Samba sí i.

Kọ̀ǹpútà wo ni kí ó di príńtà mú?

Tiwa ni pé kí Linux di í mú. Ní àkọ́kọ́, kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí kò lè gbé Windows 11 lè ṣe iṣẹ́ yìí láìjanpata. Èkejì, ọ̀nà tí Windows ń gbà yá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní príńtà ti di ẹlẹgẹ́. Ní oṣù keje 2021, àléébù ńlá kan hàn nínú ètò ìtẹ̀wé Windows, tí àwọn ènìyàn sọ ní PrintNightmare. Microsoft dí ihò náà, ó sì pàṣẹ ní oṣù kẹjọ pé ẹni tí ó bá jẹ́ alábòójútó kọ̀ǹpútà nìkan ni ó lè gba driver láti ara kọ̀ǹpútà mìíràn. Driver tí à ń sọ yìí kì í ṣe dẹ́rẹ́bà ọkọ̀. Ètò kékeré tí ó mọ èdè príńtà kan pàtó ni. Nígbà tí ó di oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí ó ti ń lo príńtà pọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀, tí wọ́n ń fi nọ́ńbà àṣìṣe 0x0000011b hàn. Òfin tí ó dára ni, ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ìdánwò rẹ̀ jẹ́ ọ̀la kò ní àyè láti máa wá alábòójútó kiri.

Kí a tó ra príńtà, kí a wádìí bóyá ó ní driver fún Linux. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ príńtà HP ni ó ní i, nípasẹ̀ ètò kan tí ń jẹ́ HPLIP. Àwọn LaserJet kékeré kan, bíi P1102, tún ń béèrè àfikún tí a ní láti gbà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí a gbà á ní ọjọ́ tí dátà wà, kí a má dúró di ọjọ́ ìdánwò.

Bí a bá ti so príńtà mọ́ kọ̀ǹpútà Linux, tí ó sì ti tẹ ojú ìwé kan láti ibẹ̀, ó kù kí a ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn yòókù. A ó ṣí ètò tí a fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì, bíi Firefox, a ó sì tẹ localhost:631 sí ibi tí a ń tẹ adírẹ́sì sí. Ojú ìwé CUPS yóò jáde. Ní abẹ́ Administration, a ó fi àmì sí «Share printers connected to this system». Lẹ́yìn náà, a ó lọ sórí orúkọ príńtà wa, a ó sì rí i dájú pé àmì wà níwájú «Share This Printer» níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣe èkíní, wọn a sì gbàgbé èkejì. Kí orúkọ tí a fún príńtà jẹ́ ọ̀rọ̀ kan, kí ó má ní àlàfo nínú, kí ó má sì ní àmì. Ó ku díẹ̀ káàtó fún olùkọ́ Yorùbá láti kọ irú orúkọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n adírẹ́sì ni yóò jẹ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní Olukoni.

Kọ̀ǹpútà Linux yòókù lórí nẹ́tíwọ̀kì kan náà yóò sábà rí Olukoni fúnra wọn. Windows ni a ó mú lọ́wọ́ lọ síbẹ̀. Nínú Settings, ní ibi Printers & scanners, a ó ní kí ó fi príńtà kún un. Kí a má dúró kí ó máa wá a títí. Bí «Add manually» bá ti jáde, kí a tẹ̀ ẹ́, kí a yan «Select a shared printer by name», kí a sì kọ adírẹ́sì náà báyìí:

http://192.168.1.20:631/printers/Olukoni

Nọ́ńbà 192.168.1.20 yẹn, adírẹ́sì kọ̀ǹpútà Linux ni. Tí ẹlòmíràn yóò yàtọ̀. Àṣẹ hostname -I ni yóò fi í hàn lórí Linux. Ẹ ṣàkíyèsí pé http ni a kọ fún Windows, kì í ṣe ipp, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé IPP ni ó ń lọ lábẹ́ rẹ̀. Kí a kọ lẹ́tà ńlá àti kékeré inú orúkọ príńtà bí wọ́n ṣe wà lórí Linux.

Windows lè yan driver fúnra rẹ̀. Bí ó bá béèrè, kí a yan Microsoft ní apá òsì, kí a sì yan «Microsoft PS Class Driver» ní apá ọ̀tún. Ìtumọ̀ èyí ni pé Windows yóò fi èdè PostScript ṣàpèjúwe ojú ìwé, Linux yóò sì túmọ̀ rẹ̀ sí èdè tí príńtà gbọ́. Ibì kan ṣoṣo ni àmì tún ti lè bọ́ ní ọ̀nà yìí. Nínú Printing Preferences, lábẹ́ Advanced, nǹkan kan wà tí wọ́n kọ «TrueType Font» sí. Bí ó bá wà lórí «Substitute with Device Font», ìyẹn ni pé kọ̀ǹpútà ti gba príńtà láyè láti fi fọ́ǹtì inú tirẹ̀ pààrọ̀ fọ́ǹtì wa, fọ́ǹtì inú príńtà kì í sábà mọ ọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í mọ ẹ́. Kí a yí i sí «Download as Softfont». Aránṣọ kò gbọ́dọ̀ tú òfì wa ká kí ó tún un hun.

Iná tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀

Ìṣòro tí ó ń dá àwọn ènìyàn lágara jù ní agbègbè wa kò sí nínú ìwé àwọn òyìnbó tí ó kọ nípa ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé iná wọn kì í lọ. Router, àpótí kékeré tí ó ń pín Wi-Fi, ni ó ń fún kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ní adírẹ́sì nígbà tí ó bá tan. Bí iná bá lọ tí ó sì padà dé, tàbí bí a bá bọ́ sórí jẹnẹrétọ̀, router lè fún kọ̀ǹpútà Linux ní nọ́ńbà mìíràn. Ohun tí ó jẹ́ 20 ní òwúrọ̀ lè di 34 ní ọ̀sán. Windows yóò máa kan ilẹ̀kùn ilé tí onílé ti kó kúrò nínú rẹ̀, gbogbo ènìyàn yóò sì máa sọ pé príńtà ti bàjẹ́. A ti rí ibi tí wọ́n ti gbé príńtà tí kò ní àìsàn kankan lọ fún oníṣẹ́ ẹ̀rọ nítorí èyí, tí wọ́n sì san owó.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Kí a wọ inú router, kí a ní kí ó fi nọ́ńbà kan pamọ́ fún kọ̀ǹpútà náà nìkan. Inú ibi tí wọ́n kọ DHCP sí ni irú ètò bẹ́ẹ̀ máa ń wà, wọ́n á kọ «Reservation» sí i. Bí ẹ̀rọ Wi-Fi kékeré tí a ń fi káàdì dátà sí ni a ń lò, tí kò sì ní irú àyè bẹ́ẹ̀, kí a fi ọwọ́ kọ adírẹ́sì náà sínú kọ̀ǹpútà Linux fúnra rẹ̀. Ẹ rántí pé a kò nílò dátà kankan kí ìwé tó lè lọ láti kọ̀ǹpútà sí príńtà. Bí owó dátà bá tán, nẹ́tíwọ̀kì inú yàrá kò tán.

Bí príńtà bá ti wà lára Windows

Nígbà mìíràn, kì í ṣe àwa ni a yan ibi tí príńtà yóò wà. Bí ó bá wà ní ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà, tí ó sì wà lára Windows, Windows náà ni yóò yá wa. Kí a lọ sí Printer properties, ní Sharing, kí a fi àmì sí «Share this printer», kí a sì fún un ní orúkọ ọlọ́rọ̀ kan. Kí nẹ́tíwọ̀kì Windows náà wà ní ipò Private. Lórí Linux, kí a fi smbclient sí i, kí a wá fi príńtà kún un pẹ̀lú adírẹ́sì bíi smb://192.168.1.15/Olukoni.

Ibi tí ó ti ń há jù ni ọ̀rọ̀ aṣínà. Windows kì í jẹ́ kí ẹni tí kò ní ọ̀rọ̀ aṣínà gba orí nẹ́tíwọ̀kì wọlé, bí ó tilẹ̀ ń jókòó sí iwájú rẹ̀ lójoojúmọ́. Kí a ṣí orúkọ ìlò kan lórí Windows náà fún príńtà nìkan, kí a fún un ní ọ̀rọ̀ aṣínà, kí a sì fi ìyẹn fún Linux. Kí a má lo ti ọ̀gá àgbà, nítorí pé Linux yóò kọ ọ́ pamọ́ sínú fáìlì. Àwọn àlàyé àtijọ́ kan sì wà tí wọ́n ń ní kí a tan SMB ẹ̀yà kìíní padà. Kí a má ṣe é. Ẹ̀yà yẹn ni WannaCry gbà tàn káàkiri ayé ní oṣù karùn-ún 2017, láti ọdún náà sì ni Windows 10 tuntun kò ti fi í sílẹ̀ ní títàn mọ́.

Àṣírí ìbéèrè ìdánwò

Ìdí mìíràn tí a fi fẹ́ kí ìbéèrè má kúrò nínú yàrá àwọn olùkọ́ ni àṣírí. Ìbéèrè tí a gbé lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ti wọ inú kọ̀ǹpútà ẹni tí a kò mọ̀, ó sì lè ṣẹ́kù síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe rò pé nẹ́tíwọ̀kì tiwa kò ní ihò. Bí a kò bá sọ fún CUPS, ó máa ń tọ́jú ẹ̀dà iṣẹ́ tí ó ti tẹ̀ fún odidi ọjọ́ kan, kí a lè tún un tẹ̀ bí ó bá yẹ. Nínú fáìlì /etc/cups/cupsd.conf, kí a kọ ọ̀rọ̀ yìí sí ìlà kan: PreserveJobFiles No. Láti ìgbà náà, bí ìwé bá ti jáde, ẹ̀dà rẹ̀ ti lọ. Orúkọ fáìlì ṣì lè hàn nínú ìtò iṣẹ́, nítorí náà kí a má pe fáìlì ní «ìbéèrè SS 2 tí ó ń bọ̀».

Kí Wi-Fi àwọn olùkọ́ má sì jẹ́ èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń lò. Ní oṣù kẹsàn-án 2024, Simone Margaritelli, onímọ̀ ààbò kọ̀ǹpútà ará Ítálì, fi hàn pé apá kan lára CUPS, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ cups-browsed, lè gba iṣẹ́ ibi láti ọ̀dọ̀ àlejò. Wọ́n ti tún un ṣe, ẹni tí ó bá sì ń gba àtúnṣe sórí Linux rẹ̀ ti bọ́ nínú rẹ̀. Ní ti kọ̀ǹpútà tí ó di príńtà mú, a lè pa apá náà láìṣe iṣẹ́ lára:

sudo systemctl disable --now cups-browsed

Ìdánwò fún príńtà fúnra rẹ̀

Kí ìdánwò àwọn ọmọ tó dé, ó yẹ kí a dán príńtà wò. Kí a fi fọ́ǹtì kan náà sí gbogbo kọ̀ǹpútà yàrá náà. Charis SIL àti Gentium dára, Noto Serif pẹ̀lú dára; kò sí èyí tí a ń san owó fún nínú wọn, gbogbo wọn ni ó sì mọ bí a ṣe ń gbé àmì gun ẹ àti ọ. Ní ti bọ́tìnnì títẹ̀, Linux ní ètò Yorùbá lábẹ́ Nàìjíríà nínú àwọn ètò kíbọọ̀dù rẹ̀, Windows náà sì ní Yorùbá tirẹ̀ ní ibi tí a ti ń fi èdè kún un. Kí a wá tẹ gbólóhùn kan náà láti orí Linux àti láti orí Windows, ní fọ́ǹtì kan náà àti ìwọ̀n kan náà. Èyí tí àwa máa ń lò ni:

Ǹjẹ́ ọ̀kọ̀, ọkọ́ àti ọkọ̀ ńlá ẹ̀gbọ́n Ṣọlá wà ní Ìsẹ́yìn?

Kí a gbé ìwé méjèèjì léra, kí a sì na wọ́n sí ojú fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè kọjá nínú wọn. Bí àmì kan bá wà lórí ọ̀kan tí kò sí lórí èkejì, tàbí tí ó yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, kí a kọ́kọ́ ṣí ìwé náà lórí kọ̀ǹpútà tí ó ti wá. Bí àmì náà kò bá pé lójú kọ̀ǹpútà, fọ́ǹtì ni ó jẹ̀bi. Bí ó bá pé níbẹ̀, tí kò pé lórí ìwé, kí a padà lọ wo «TrueType Font», kí a tó fi ọwọ́ kan príńtà.